Ọjọ́ tí Ọmọlójú Ọkọ Mi Kò Dọ́gba Mọ́

Òórùn ìpara olóoru, irú èyí tó máa ń ta èèyàn lójú, ló kún inú yàrá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń fi ìpara náà ra ibi tó wú díẹ̀ lókè etí rẹ̀ ọ̀tún. A ò tíì pé ọdún kan tá a ṣègbéyàwó. Yàrá kan la gbà ní Alápẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá. Òun ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Kétu, èmi ń ṣe irun níwájú ilé. Pákó ńlá kan tí wọ́n gbé ti ògiri níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ̀, tó sì gbá a lórí. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó wọlé, ó ní káfíńtà tí pákó ò bá tíì bà lórí, iṣẹ́ ló ṣì ń kọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbà nígbà yẹn pé kò sí ìyàwó tó mọ ọkọ tọ́jú tó mi, torí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìpara ra orí tó wú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní orí ń fọ́ òun, kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dé, ó ṣì ń sùn. Mo gbé ìrẹsì fún un, ó jẹ ṣíbí díẹ̀, ó bì í, ó tún sùn padà. Ara mi ò lélẹ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọlé, mo tún jáde. Mo fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Níkẹyìn mo fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó dìde jókòó.

Oòrùn bọ́ sí i lójú. Ẹyin ojú ọkọ mi kì í ṣe dúdú bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ó pọ́n bí oyin ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo ẹbí wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tí mo rí hàn kedere. Dúdú róbótó tó wà láàárín, ọmọlójú gan-an, kéré lápá òsì bó ṣe yẹ kó rí nínú oòrùn. Ti apá ọ̀tún là gbàgà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ibi tó pọ́n. Mo fọwọ́ bo ojú méjèèjì, mo gbé ọwọ́ kúrò. Ti òsì súnkì lójú ẹsẹ̀. Ti ọ̀tún ò mira.

"Kí lò ń wá lójú mi?" Ahọ́n rẹ̀ wúwo.

Mo sáré pe ìyá onílé. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ṣé kì í ṣe oògùn ojú ló fà á. Lóòótọ́, eruku pákó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní ìgò oògùn kan tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ní Máìlì 12. Mo gbá ìgò náà mú bí ẹni rí ìdáǹdè. Tó bá jẹ́ oògùn ni, ó máa tó dá.

"Ṣé o rí i tó kán an sójú lónìí?" ìyá onílé bi mí.

"Mi ò rí i, mà."

"Èébì ńkọ́? Ṣé oògùn ojú ló ń mú un bì?" Wọ́n wò mí díẹ̀. "Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí dókítà wà."

Mọ́tò bàbá onílé la fi gbé e dé ọsibítù kékeré kan ní Kétu. Mo ti tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láago, ẹni tó ń gbé ní Ìkòsí, a sì bá a níbẹ̀. Dókítà náà tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba ìgò oògùn lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní èyí kì í fẹ ọmọlójú. Ó wá bi wá bóyá ojú náà ti ń rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Àwọn kan wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n," ó ní. "Àwọn kan, nǹkan ló ba ojú wọn nígbà kan, tí ọmọlójú ò fi kéré mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí pákó gbá a lórí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí báyìí, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú agbárí, kó máa ti ọpọlọ. Wọ́n lè ní láti ṣí i ní ọsibítù ńlá, lónìí yìí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bọ́ síwájú bẹ́ẹ̀dì. "Ojú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Òkò kànnàkànnà ló bà á. Ẹnikẹ́ni ò ní la àbúrò mi lórí."

Dókítà yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ojú tí mo wò títí kí n tó gbà láti fẹ́ ẹ, ojú tí mo fi ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè sọ bóyá ọmọlójú rẹ̀ dọ́gba. Dókítà ní bó tilẹ̀ ti pẹ́ tó wà bẹ́ẹ̀, èébì àti oorun yìí ò ní jẹ́ kí òun dúró, òun ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e, ṣùgbọ́n ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ni àgbà níbẹ̀, òun ò gbà. Kì í ṣe ìkà ló fẹ́ ṣe. Bàbá wọn ni wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lójú rẹ̀, tí kò jáde láàyè.

Àwòrán ìgbéyàwó wa sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí a ní kí wọ́n fẹ̀ dáadáa, tí ẹyin ojú rẹ̀ hàn kedere, tó wà nínú férémù lára ògiri. Mo gun ọ̀kadà lọ sílé, mo já a sílẹ̀, mo gbé e mọ́ àyà, mo tún gun ọ̀kadà padà. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń wò mí tàánútàánú. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mi orí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú." Ọlọ́kadà náà rọra bi mí, "Àǹtí, ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Wọn ò kú," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sáré."

Dókítà na ọwọ́ sí férémù náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo gbé e fún. "Àǹtí, ẹ fojú ara yín wò ó." Ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó wo ojú méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Wọ́n dọ́gba. Àbúrò wa kejì ni òkò bà, kì í ṣe òun. Ẹ̀rù ló bà mí." Ó yíjú sí dókítà. "Ẹ gbé e lọ."

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n sì ṣí agbárí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, bí mo bá dìde, yóò fà mí jókòó, bí òun bá dìde, èmi á fà á. "Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú," ló ń tún sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí. Dókítà tó ṣiṣẹ́ náà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé tí a bá ti jẹ́ kó sun oorun yẹn di ọjọ́ kejì, bóyá òun ò ní rí nǹkan ṣe.

Nígbà tí ọkọ mi lajú dáadáa, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ tí wọ́n ti fá. "Ìwọ tó o ń ṣe irun," ó ní, "o wà níbí, wọ́n ń fá mi báyìí?" Ẹkún tí mi ò ráyè sun ní gbogbo ìgbà yẹn ló wá bọ́.

Ó ti pẹ́. Ọmọlójú ọ̀tún yẹn kò kéré tó èkejì mọ́, ó sì máa ń di ojú náà bó bá bọ́ sóòrùn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ń ṣẹ́jú sí òun ni. Ọkàn mi balẹ̀ sí gbogbo nǹkan míì nípa rẹ̀. Oorun ọ̀sán nìkan ni mi ò tíì bá rẹ́. Bó bá ti sùn sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ, màá wá nǹkan ṣe nítòsí: màá ṣa ẹ̀wà, màá ká aṣọ, màá fa àga tí kò ṣe nǹkan kan. Ó mọ̀. Kò ní la ojú, kò ní yí padà. Á kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí n lè rí ibi jókòó sí, pé, "Mo wà ńbí o."