Ìbò Tí A Dì fún Ìyá Káyọ̀dé Nínú Òjò

Àwọn ọdún tó kángun sí 1990 ni mò ń sọ. Ológun ló wà lórí oyè, náírà ń rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, òkirikà sì ti fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwa aránṣọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ń gbé aṣọ wá fún wa tẹ́lẹ̀ kí a bá a rán búláòsì ti ń lọ ra èyí tí òyìnbó kan ti wọ̀ sú. Ìgbà náà gan-an ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àrùn kan tí wọ́n ń pè ní éèdì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní kò lè mọ irú ẹ̀rù tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn yóò dín ohùn rẹ̀ kù bí ẹni tó ń túfọ̀ ọba, yóò ní àrùn náà kò gbóògùn, yóò sì bọ́ sórí ìròyìn bọ́ọ̀lù. Kò sọ bí a ṣe ń kó o, kò sọ ohun tí kò lè kó o ran èèyàn. Àwọn ará ìlú bá fi ẹnu ara wọn parí ìyókù. Wọ́n ní ẹ̀fọn ń gbé e, wọ́n ní bẹ́ǹṣì ń gbé e. Ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tilẹ̀ sọ fún mi pé bí ẹni tó ní in bá pe orúkọ èèyàn, kéèyàn má ṣe jẹ́ ẹ.

Ọ̀gá mi ni Ìyá Káyọ̀dé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, nígbà tí mo sì gbòmìnira, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ tèmi kalẹ̀ sí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Kùtọnù títí dé Àbíjàn. Ó ṣàìsàn, ó gbẹ bí igi, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wò ní Ìbàdàn, wọ́n sọ fún un pé kòkòrò éèdì ti wà lára òun náà. Ara rẹ̀ le nígbà náà. Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń bá mi jà lórí ìtẹ̀lẹ̀ aṣọ tí kò gún.

Àwa méjì ló sọ fún: èmi àti Nọ́ọ̀sì Sídíkátù tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Mò ń bá a lọ sí Ìbàdàn, Nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ikọ́ àti ibà tó bá ṣe é, a sì jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Nọ́ọ̀sì ti là á yé mi: ẹ̀jẹ̀ ni, ìbálòpọ̀ ni, ìyá sì lè kó o ran ọmọ. Ọwọ́, àwo, bẹ́ǹṣì, ẹ̀fọn, kò sí èyí tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tó yá, alága ẹgbẹ́ àwa aránṣọ darúgbó, ó ní òun fẹ́ sinmi. Ipò náà kì í ṣe kékeré. Alága ló ń bá àwọn ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí aṣọ àwọn ọmọ wọn, aṣọ ilé ìwé sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òkirikà kò lè bá wa dù. Àwa kan ní Ìyá Káyọ̀dé la fẹ́, nítorí ó ti sọ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àti ńlá àti kékeré, ni yóò rí nínú iṣẹ́ náà rán. Ẹni tó bá a díje ni ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù lòun ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kò kọjá Ìdìrókò rí. Gbogbo kóòtù tó bá rán, apá kan ń gùn ju èkejì lọ. Bí oníbàárà bá ráhùn, á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún.

Ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn náà, n kò mọ̀ dòní. Ó dìde nínú ìpàdé, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó tẹjú mọ́ Ìyá Káyọ̀dé, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn ń rán aṣọ, abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn ń rán èèyàn lọ sọ́run."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Káyọ̀dé. Ẹni tó jókòó tì í sún díẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e sún, títí tí ẹni tó wà ní ìparí bẹ́ǹṣì fi bọ́ sílẹ̀ gbì. Ìyá Káyọ̀dé dúró kí onítọ̀hún dìde gbọn ìdí rẹ̀ tán, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ohun tí wọ́n sọ, òótọ́ ni," ló wí. "Ó wà lára mi. Ọkọ mi ló kó o bá mi, ó sì ti lọ, n kò bá òkú jà. Abẹ́rẹ́ mi wà lọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kì í yá ẹnikẹ́ni. Àrùn yìí kì í ti ẹnu ràn. Ẹ̀rù ni ẹnu ń ràn kiri. Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ dìbò fún mi. Bí ẹ kò bá fẹ́ mi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ nítorí iṣẹ́ mi."

Ó jókòó.

Àti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Káyọ̀dé, Nọ́ọ̀sì àti èmi. Mo ti bá wọn ṣe ìyanṣẹ́lódì rí, mo ti sá fún tíáágáàsì rí, ṣùgbọ́n n kò rí ìpolongo tó le tó èyí. Ní ilé kan, wọ́n kí wa káàbọ̀, wọ́n sì ti fèrèsé pa kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní òmíràn, obìnrin kan gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú wa tayọ̀tayọ̀, a jẹ ẹ́, a yìn ín. Nígbà tí a ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ń fi igi gbé àwo náà lọ sí ààtàn.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ padà lọ bá a. Ìyá Káyọ̀dé dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ náà dùn. Lọ́la, tí kò bá ní àwo mọ́, yóò ronú."

Ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Bàbá Ṣínà, àgbà aránṣọ tí kì í jáde láìmú agboòrùn dání, òjò ìbáà rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Ó fẹ́ràn Ìyá Káyọ̀dé bí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù éèdì sì ń bà á bí ẹ̀rù ejò. Òdìkejì gọ́tà ló dúró sí láti kí wa, ó wá na ẹnu agboòrùn rẹ̀ sí Ìyá Káyọ̀dé kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Obìnrin náà kò ṣàwàdà. Ó di agboòrùn mú, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń bọ ọba lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kí ilé."

"Mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbágbá," ni Bàbá Ṣínà wí, ó sì fi ewé nu ẹnu agboòrùn náà.

Ọjọ́ ìbò pé. Ọgbà ilé ìwé kan la ti ṣe é. Òfin ẹgbẹ́ wa kò mọ ìwé ìdìbò. Olùdíje yóò dúró, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò tò sẹ́yìn rẹ̀, a ó sì kà wọ́n lójú gbogbo ayé. Ẹni tí a pè láti kà á ni Alhaji Sùnmọ́nù, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá sí nínú ìwé òfin. Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù ti tètè dé, ó ti gba fàràńdà tí páànù bò. Wọ́n ní kí Ìyá Káyọ̀dé lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn.

Kí ẹ tó lè lóye ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ rántí pé aránṣọ ni gbogbo wa. Ọjọ́ ìpàdé ni a ń wọ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Léèsì ni, dàmáàsìkì ni, àwọ̀n ni. Ẹlòmíràn kò lè jókòó nítorí aṣọ rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tò, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín Ìyá Káyọ̀dé àti ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà, àlàfo wà tí èèyàn lè fi gbin ẹ̀gẹ́.

Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù nawọ́ sókè. "Mo takò ó, Alhaji. Òfin ní kí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo àlàfo yẹn. Mọ́tò lè gba ibẹ̀ kọjá."

Alhaji rìn lọ wò ó. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí díẹ̀," ló wí. "Bí mo bá dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìwọ dúró ní Ìjagun, o kò lè sọ pé ẹ̀yìn mi lo wà."

Mo bi í pé, "Báwo ló ṣe yẹ kí ó súnmọ́ ọn tó, sà?"

Ó ronú. "Kí ẹni iwájú lè mọ̀ ọ́n lára bí ẹni ẹ̀yìn bá sín."

"Sísín náà gan-an là ń bẹ̀rù," ni ẹnìkan wí láti orí ìlà.

Mo kúrò ní àyè mi, mo lọ dúró ti ọ̀gá mi pẹ́kípẹ́kí, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo rò pé mo ti dí àlàfo náà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan tó dí. Ó kàn ṣí kúrò níwájú mi wá sí ẹ̀yìn mi ni. Bàbá Ṣínà ló ṣìkejì mi, ó wà lọ́hùn-ún, ó ń mi orí sí mi pẹ̀lú ìfẹ́.

Alhaji ń wo ìwé òfin, ojú rẹ̀ ò dùn. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fagi lé ìlà wa. Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Kò kọ́kọ́ le. Ẹ̀kán kan bọ́ sórí léèsì, òmíràn bọ́ sórí gèlè. Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù rẹ́rìn-ín lábẹ́ páànù rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ níbí," ló ń pè wọ́n. "Ta ló rán yín lọ sínú òjò? Ẹ wá fara mọ́ mi." Ìlà wa bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹnìkan sá, ẹnìkejì sá. Ẹni tó bá ti dé fàràńdà náà, ti Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù ni. Mo ń wo ìbò wa tó ń gbá aṣọ mú, tó ń sá lọ lójú mi. Òwe ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ọjọ́ náà, àfi bí ẹni pé wọ́n ti háyà rẹ̀.

Bàbá Ṣínà ṣí agboòrùn rẹ̀. Ó rìn kọjá àlàfo, ó rìn kọjá èmi, ó sì gbé agboòrùn náà bo Ìyá Káyọ̀dé lórí. Kò pé, ó ní láti fara tì í. Èjìká kan èjìká. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní òun kò ronú rárá, pé àgbàlagbà kì í di agboòrùn mú kí òjò máa pa obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó débẹ̀ tán ló rántí éèdì, ṣùgbọ́n ojú ti ń wò ó.

Ó gbọ́ pé òjò kò dún lórí agboòrùn rẹ̀ mọ́, ó yí sí àwọn tó kù. "Ìdí igi níbí kò tutù," ló wí. "Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni omi ti ń ro."

Òótọ́ ni. Ewé máńgòrò ṣù pọ̀ lókè ìdí igi, ẹ̀bá rẹ̀ ló ń jò. Ẹni tó bá fẹ́ kí léèsì rẹ̀ gbẹ ní láti súnmọ́ Ìyá Káyọ̀dé. Obìnrin kan gbá aṣọ mú, ó wọlé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, gbogbo wọn rọ́ wá, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń fún ara wọn mọ́ igi, débi tí ọ̀gá mi fi pariwo láti àárín pé, "Ẹ rọra. Éèdì kọ́ ni yóò pa mí báyìí."

Alhaji jáde sínú òjò, fìlà rẹ̀ sì rọ̀ bo etí. Ó ka ìlà fàràńdà, ó ka tiwa, ó tún wa kà. Tiwa fi díẹ̀ jù.

"Òjò ló lé wọn débẹ̀," ni Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù wí. "Igi ni wọ́n dìbò fún."

"Igi kò díje," ni Alhaji dá a lóhùn, ó sì lọ jókòó.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó wọ àdìrẹ tuntun tí a kò tíì fọ̀. Nígbà tí òjò dá, tí a tú ká, gbogbo wa la ti di aláró: ọwọ́, ọrùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́, léèsì funfun. Báyìí la gba àárín ìlú kọjá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ọjà pé éèdì ti ń sọ èèyàn di aláró. Àwọn èèyàn rọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa láti wá wo àwọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì Sídíkátù kò jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́. Ẹni tó bá wá wo aró, ó di dandan kó jókòó gbọ́ àlàyé kó tó lọ. A kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí à ń lọ ojúlé dé ojúlé.

Kí la jẹ nínú rẹ̀? Àwọn tó di aláró lọ́jọ́ náà ló di ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ wa. Wọ́n ti fara kàn án, wọn kò kú, kò sí ohun tí wọ́n tún ń sá fún. Aṣọ ilé ìwé kárí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹni yìí pọnmi, ẹni yẹn sebẹ̀, àwọn aláìsàn méjì mìíràn tí ìdílé wọn ti kọ̀ wọ́n sì bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú náà. Bàbá Ṣínà fúnra rẹ̀ ń se ọbẹ̀ wá. Kò mọ̀ ọ́n sè. Ìyá Káyọ̀dé á tọ́ ọ wò, á ní, "Bàbá, ẹ padà sídìí agboòrùn."

Ohun tí a pàdánù, Ìyá Káyọ̀dé ni. Oògùn tí àwọn èèyàn fi ń gbé ayé wọn títí di arúgbó lónìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. A rán aṣọ ìkẹyìn fún un fúnra wa, a sì jà lórí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń bá wa jà.

Ohun tó kù tí ayé jẹ wá kò kéré. Oṣù tó kọjá, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó ń fi oògùn rẹ̀ pamọ́ sínú agolo òwú, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Mo jókòó tì í, mo sọ ìtàn igi máńgòrò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oògùn náà ṣì wà nínú agolo.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń búra fún alága ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò búra fún Ìyá Káyọ̀dé rí, wọ́n ní kí a mú ẹni tí alága wọn lè bọ̀ lọ́wọ́ wá. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ kò fi sí nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, níbi tí àwòrán gbogbo alága wà, tó fi mọ́ Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, nínú kóòtù alápá-kan-gùn. Ọdọọdún ni mò ń béèrè, ọdọọdún ni àwọn ìgbìmọ̀ ń dá mi lóhùn pé ògiri ti kún. Aránṣọ ni mí. Mo ti fi téèpù wọn ògiri náà. Ó gbà á.