Táyà tí Mọ́wùnmí Fi Gun Shooters Hill

Wọ́n ní Mọ́wùnmí ti ra ọkọ̀ ogun. Sọ̀fíyátù tó ń dirun nítòsí Woolwich Arsenal Station ní London, tí òun àti Mọ́wùnmí jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, orí ẹnìkan péré ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó di irun yẹn tán, gbogbo Thamesmead ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn sójà ló gbàgbé ọkọ̀ náà sídìí igi, Mọ́wùnmí rí i, ó wà á relé. Nígbà tí ìròyìn máa fi dé Abbey Wood, ìbọn ti wà lórí ọkọ̀ náà, ó sì ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó pa ẹyẹlé.

Irọ́ ni. Àmọ́ irọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin gan-an. Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni Mọ́wùnmí rà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ Kent fi ń da àgùntàn. Ó ní nọ́ḿbà, ìwé rẹ̀ pé, ariwo rẹ̀ sì lè jí òkú.

Kí ni carer, olùtọ́jú arúgbó, tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé fẹ́ fi ọ̀kadà àgbẹ̀ ṣe? Nítorí Alice ni. Alice jẹ́ màmá arúgbó tó ń dá gbé lórí òkè gíga tí wọ́n ń pè ní Shooters Hill. Mọ́wùnmí ló ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀, òun ló ń fún wọn lóògùn. Lọ́dún tó kọjá, yìnyín já bọ́, bọ́ọ̀sì kọ̀, ẹsẹ̀ ni Mọ́wùnmí fi rìn débẹ̀. Kó tó dé, màmá ti gbìyànjú láti dá dìde, wọ́n sì ti ṣubú. Ọmọ wọn ọkùnrin fárígá: "Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, mo máa ta ilé yìí, Mummy á lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó."

Alice di ọwọ́ Mọ́wùnmí mú. "Inú ilé yìí ni mo fẹ́ kú sí."

"Ẹ ò ní í kú báyìí," ni Mọ́wùnmí wí, "ẹ ò sì ní í kúrò níbí."

Bó ṣe ra ọ̀kadà tán, ó gba ọ̀dọ̀ Solomon lọ, fọkanáísà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Plumstead. Ọ̀rọ̀ ẹnu Solomon pọ̀ ju afẹ́fẹ́ inú gbogbo táyà rẹ̀ lọ.

"Auntie mi, ẹ wo èyí!" Ó yí táyà kan jáde tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí eyín rẹ̀ gùn bíi ti ọ̀nì. "Ẹ gbé èyí wọnú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á bẹ̀ yín."

"Ṣé ẹrẹ̀ ló ń já bọ́ ní January ni?"

"Ah, táyà ni táyà, Auntie."

"Ṣé bàtà ni bàtà? Ìwọ lè fi bàtà bọ́ọ̀lù jó lórí táìlì?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ táyà bí ẹni tó ń tẹ píà lọ́jà. Èyí tó le, ó tì í sẹ́yìn: "Bí otútù bá mú èyí, pátákó ló máa dà." Èyí tó fẹ̀, ó ní yìnyín London kì í jìn, orí rẹ̀ ni táyà náà yóò máa léfòó, kò ní í kanlẹ̀. Solomon gbé èyí tí ìṣó yọ lára rẹ̀ jáde. "Èyí á ha títì bí ológbò ṣe ń ha àga," ni Mọ́wùnmí wí, "ọlọ́pàá á sì sìn mí délé." Solomon ń làágùn nínú otútù. Níkẹyìn ó fa mẹ́rin kan jáde láti ẹ̀yìn. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà wọn rọ̀, ara wọn sì kún fún ilà wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí olóòlà kọ̀ láti fi sílẹ̀.

"Ilà yìí ló ń di yìnyín mú," ni Solomon wí. "Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọn dín díẹ̀, kí wọ́n lè tẹ́sẹ̀ sílẹ̀ dáadáa."

"Ìwọ yìí! Èyí ni mò ń wá látàárọ̀, o ń fi ọ̀nì hàn mí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ rèé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń ra ọkọ̀ tí kì í yà á sí mímọ́? Lọ́sàn-án Sunday, Daddy Olúgbémiga, olórí àwọn ajagun àdúrà, gbé òróró wá síwájú ilé Mọ́wùnmí. Àwọn mìíràn á fi ìka kan tọ́ ọ sórí ọkọ̀. Daddy ò mọ ìka. Ìgò kan ni wọ́n dà sórí táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo, "Ẹ ò ní í dúró! Ohunkóhun ò ní í dá yín dúró!" Mọ́wùnmí ṣe àmín. Àdúrà náà gbà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ ní Monday, yìnyín ti bo Thamesmead, bọ́ọ̀sì kankan ò lọ. Mọ́wùnmí gun ọ̀kadà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, èyí tí ọmọ ọwọ́ lè rá kọjá, kò ṣeé gùn. Ọ̀kadà fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ó ń pòyì bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, ó gbá gbogbo bíìnì ìdọ̀tí àdúgbò lulẹ̀, ó lọ fìdí sọ igi. Ẹnìkan kígbe láti ojú fèrèsé pé, "Ọkọ̀ ogun ti bẹ̀rẹ̀ ìjà o!"

Mọ́wùnmí bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan táyà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Òróró. Ó rántí Alice lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rántí ọmọ wọn. Kò sunkún, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ jáde, ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àwọn ilà náà bí ìyá tó ń fọ orí ọmọ aláìgbọràn, ó sì fi ìborùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nù wọ́n gbẹ. Ó dín afẹ́fẹ́ wọn kù. Ó tún gùn ún.

Ó kọjá Plumstead, ó gba ẹ̀gbẹ́ Plumstead Common, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi tíréè yọ̀ lórí yìnyín. Nísàlẹ̀ Shooters Hill, àwọn mọ́tò olówó ńlá tò sílẹ̀ bí ẹja gbígbẹ lórí àtẹ. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ já yìnyín jẹ, ó kanlẹ̀, ó gòkè.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Alice ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ó ti dé," ni Alice wí fún un. "Rárá, kì í ṣe bọ́ọ̀sì. Má wulẹ̀ béèrè. Ilé yìí kì í ṣe títà."

Kí ó tó di Sunday, ìròyìn ti dàgbà. Wọ́n ní áńgẹ́lì méjì ló ti ọkọ̀ ogun náà láti ẹ̀yìn. Daddy Olúgbémiga ń kéde pé òróró àwọn ló gun òkè, àwọn èèyàn sì ti ń gbé bàtà àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ ìyá àgbà wá kí wọ́n da òróró sí i. Nígbà tó kan ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday náà, Mọ́wùnmí rìn lọ síwájú, ó gba máìkì.

"Ẹ yin Olúwa. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun, ọ̀kadà ni. Mi ò pa ẹyẹlé kankan. Sọ̀fíyátù, mò ń wò ọ́. Áńgẹ́lì tó ń ti ọkọ̀, mi ò rí wọn. Táyà tó rọ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó nílà, ló gbé mi gòkè, Solomon ní Plumstead ló tà á fún mi." Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú. Òróró yín ṣiṣẹ́: òun ló gbé mi lọ bá igi. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, orí mi rèé, ẹ dà á sí i títí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fọwọ́ kan táyà mi."