Òkèlè Tí Ọwọ́ Mi Kò Gbàgbé

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iná ẹ̀rọ jó jẹjẹrẹ tó wà ní ọ̀fun mi, ògì ni mo fi ń ṣe oúnjẹ. Ògì, ẹyin tí kò le, ọbẹ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Jẹjẹrẹ lọ, àmọ́ ó kó itọ́ ẹnu mi dání. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí n tó gbé nǹkan mì, kí n sì gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà pá mi lórí. Mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n kò kọ́ mi ní ohun tí màá máa fi ọwọ́ mi ṣe.

Láti ìgbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń gbé yàrá kan ní Ìsọlọ̀ ni a ti jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Àwọn ìbejì tí a bí ti di ìyá ọlọ́mọ, a ò yí i padà. Ọwọ́ tirẹ̀ á kan tèmi nínú ọbẹ̀. Bó bá ku ẹran kan, á tì í sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí mo ti ọsibítù dé, ó wá di pé, "Mo ti jẹun níta." Lójoojúmọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kò sí oúnjẹ títà tí kò ní sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jáde lọ ra ẹyin. Lẹ́yìn ìsọ̀ fọkanáísà, níbi tí àwọn tírélà ti ń yà sí ọ̀nà ilé iṣẹ́, mo rí i tó jókòó lórí táyà kan. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ilé wa, ó ń jẹ ẹ̀bà nínú ọ̀rá.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ jí i ni?"

Òkèlè bá pá a lórí. Ó wúkọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Mo ń gbá a lẹ́yìn.

"Ẹ rọra o. Èmi nìkan ni wọ́n ní kó máa pá lórí nílé wa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé òkèlè mì lójú rẹ?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gba ọ̀fun mi ni? Ẹ̀bà kọ́ ló ń wù mí jù. Ilé ni kẹ́ ẹ ti jẹun lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ẹ̀bà, mo se ilá, mo gbé ògì tèmi sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Mo fọ ọwọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ la ẹnu."

Mo bu òkèlè, mo yí i roboto, mo fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, mo fi bọ inú ilá. Ìka mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ó la ẹnu bí ọmọdé, mo fi òkèlè náà sí i lẹ́nu. Mo fọwọ́ nù, mo mu ògì ṣíbí kan, mo tẹ àgbọ̀n, mo gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró dè mí, lẹ́yìn náà òun náà tọwọ́ bọ abọ́.

Nígbà tó ku ẹran kan, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ó ti tì í tán kó tó rántí. Àwa méjèèjì ń wò ó.

"Má bínú," ó ní, ó fẹ́ gbé e.

"Ẹ fi sílẹ̀."

Mo fi ìka kan ọbẹ̀ tó yí i ká, mo fi sí ahọ́n. Ẹnu mi kò mọ iyọ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ ta mí. Ó nawọ́ gán omi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó jẹ́ kí ata náà ṣì máa ta mí díẹ̀.