Àmín Tí Wọ́n Fi Gba Ìbò Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ẹ ń bi mí ìdí tí ẹgbẹ́ wa fi kún fún arúgbó, ẹ jókòó. Irun orí mi ṣì dúdú nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Òfin ti ka iye àga tó wà nínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: àfi kí ẹnì kan kú kí ẹlòmíràn tó wọlé. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yìí nìkan ni ìjọba ń gbọ́ tirẹ̀. Fúnmiláyọ̀, àbúrò wa nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tó ń gbé ládùúgbò Ailegun, ti ń bu omi gọ́tà Ìsọlọ̀ tipẹ́ láti mọ irú ẹ̀fọn ibà tí oògùn kò pa mọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, torí kò ní àga.

La bá dá a lábàá pé kí ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún gba oyè ọlọ́lá, kó fi àga sílẹ̀ fún ọ̀dọ́. A ti bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kiri ilé. Ó dá wa lójú pé ìbò tiwa ló máa pọ̀ jù.

Gbọ̀ngàn kan ní Àjàó Estate, nítòsí pápákọ̀ òfurufú, la ti ṣèpàdé, kí àwọn tó wọ bàálù wá má bàa rìn jìnnà. Fúnmiláyọ̀ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àlejò. Bí mo ṣe ka àbá náà tán ni ààrẹ wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, dìde.

"Ṣé ikú wa lẹ ń wá ni?"

"Rárá o, sà. Ìsinmi la ní kẹ́ ẹ lọ gbà."

"Ó dáa. Ká tó dìbò, ẹ dìde, ká gbàdúrà. Ẹ̀mí àwọn àgbà yín á gùn!"

"Àmín!"

"Àga wọn ò ní ṣófo!"

"Àmín!"

Ta ló máa pa ẹnu mọ́ sírú àdúrà bẹ́ẹ̀ lójú àgbà? Gbogbo wa la pariwo ẹ̀. Bàbá bá gbá tábìlì.

"Ó tán. Gbogbo ilé ti fọhùn pé àga ò gbọdọ̀ ṣófo. Akọ̀wé, àbá ti ṣubú."

"Sà, àdúrà kọ́ ni ìbò!"

"Ṣé o fẹ́ gba Àmín rẹ padà ni?"

Tìbínú-tìbínú ni mo fi ká ìwé àbá wa, mo jókòó.

Láti ìgbà náà, bébà la fi ń dìbò; ìyẹn nìkan la rí gbà. Òfin àga ṣì wà bó ṣe wà. Àwọn ọmọ tí ibà sì ti pa ní Ìsọlọ̀ láti ìgbà yẹn, kò sí ìpàdé tó lè dá wọn padà.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí àgbà kan papòdà, Fúnmiláyọ̀ wọ ẹgbẹ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn bọ̀. Ààrẹ tuntun, arúgbó bíi ti àtijọ́, ní ká kí "ọ̀dọ́ wa" káàbọ̀, ló bá tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀mí yín á gùn! Àga yín ò ní ṣófo!"

Ilé tún pariwo. Fúnmiláyọ̀ jókòó tì mí, ó fà mí láṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ti ẹ̀mí gígùn, mo ṣe Àmín. Ti àga yẹn, mi ò ṣe é o. Ẹ gbé àbá yín ìjọ́sí padà wá. Àga tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà."