Ẹni Kan Ṣoṣo Tí Kò Bo Imú

Mo rántí ìgbà tí òórùn kọ́sítíìkì máa ń pàdé wa lójú ọ̀nà kí a tó rí ilé Ìyá rárá. Kemta ni ilé náà wà, lẹ́yìn àpáta ńlá kan tí a máa ń sá aṣọ sí. Ìyá ni ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ aró, a sì tó mẹ́jọ tí a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà yẹn ni kàm̀pálà gbòde, tọkùnrin tobìnrin ló ń fi í rán aṣọ, àwọn oníbàárà ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá, aró ẹlú àtijọ́ kò sì yá tó mọ́. Aró òyìnbó la ń lò, kọ́sítíìkì la sì ń pò mọ́ ọn kí àwọ̀ lè mú aṣọ dáadáa. Bí o bá da omi sí i, èéfín rẹ̀ á gbá ọ nímú bí ẹni gbá èèyàn létí.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró, ó mí kanlẹ̀, ó sì dákú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi Ìyá léèrè bóyá kò sí aṣọ nílé wọn tí wọ́n lè fi bo àwọn ọmọ ọlọ́mọ nímú. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá dé egungun. Nígbà tí a padà délé, wọ́n fa tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ ya, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní méjì, wọ́n fi okùn sí i létí, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní tirẹ̀. Òfin dé: ẹni tí kò bá bo imú kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìkòkò aró. Ohun tó dára ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Nígbà náà, tí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí òógùn ń ṣàn wọ ẹnu mi lábẹ́ aṣọ náà, mo máa ń sọ nínú ara mi pé, ọ̀run àpáàdì pàápàá, wọn kì í bo èèyàn nímú níbẹ̀.

Ìgbà tí òfin náà ṣì gbóná lọ́wọ́ ni wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá, òun àti ọ̀gá wa sì wọlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá ní ọmọ yìí kò ní dé ìdí ìkòkò, kò sì gbọdọ̀ bo imú. Abẹ́ àtíbàbà ẹnu ọ̀nà ni yóò máa jókòó sí, yóò máa fi ìko di àdìrẹ, yóò máa ká aṣọ, yóò sì máa kí àwọn oníbàárà. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti béèrè. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rin, tí èékánná mi ti di aláwọ̀ aró, mo wà nínú oòrùn. Ẹni àná wà lábẹ́ òjìji. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú rẹ̀.

Síbẹ̀, a di ọ̀rẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè bínú sí i pẹ́, nítorí ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń gé ẹran fún mi nínú oúnjẹ tirẹ̀. Ọjọ́ kan tí a jọ ń di àdìrẹ, mo gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń dún fín-ín-fín-ín bíi fèrè tí ọmọdé fi ewé ṣe. Ó rí i pé mo gbọ́. Ó wá sọ fún mi pé ikọ́ fée, èyí tí òyìnbó ń pè ní ásímà, ló ń ṣe òun láti kékeré, pé èéfín tàbí eruku ló máa ń dá a sílẹ̀, pé ohunkóhun tí ó bá bo òun nímú ńṣe ló ń dà bíi pé wọ́n ri òun sómi. Ó ní ní ilé kan tí òun ti gbé rí, wọ́n ya ife àti àwo òun sọ́tọ̀, nítorí wọ́n rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ìka tọ́ ilẹ̀ lá, mo sì nà án sókè.

Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ kò pẹ́ dé. Ọmọ ilé oníṣòwò kan ni, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Kemta láti ayé bàbá bàbá wọn. Ó máa ń wá kó ẹrù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ tí kò sí ẹrù kankan láti kó, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, ó kàn máa ń wo ìko ọwọ́ rẹ̀. Bàbá ọmọkùnrin náà fọwọ́ sí i, ó kù kí wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fi ojú lásán gbé ìyàwó. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí: ṣé kò sí wèrè nílé yẹn, ṣé kò sí wárápá, ṣé wọn kì í húkọ́. Wọn kì í sì í bi àwọn tó ni ọmọ léèrè. Ta ni yóò bi ẹlẹ́kọ bóyá ẹ̀kọ rẹ̀ kan?

Àǹtí bàbá ọmọkùnrin náà ló wá ṣèwádìí. Àgbà obìnrin ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn tutù, ìborùn wọn funfun báláú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra aṣọ, èmi ni mo sì ń ka ọ̀pá fún wọn. Wọ́n wo agbo aró, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, gbogbo yín lẹ bo imú. Kí ló dé tí ti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí fi yàtọ̀?"

Mo wo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bi Ìyá wa léèrè."

Wọ́n tún wo ẹnu ọ̀nà. "Ó ti tó, ọmọ mi. Mo ti gbọ́."

Wọ́n sanwó, wọ́n sì lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ìbúra ni mo pa mọ́. Irọ́ ni, tàbí kí n sọ pé ìdajì òótọ́ ni. Mo rí i lójú obìnrin náà pé ohun tí wọ́n gbọ́, pé àrùn kan wà lára ọmọ yẹn, kì í ṣe ohun tí mo sọ. Mo lè sáré tẹ̀ lé wọn, wọn kò tíì kọjá àpáta. Ṣùgbọ́n mo ronú òjìji ẹnu ọ̀nà yẹn, mo sì ń ká aṣọ mi lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé ìdákẹ́jẹ́ náà lè já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ọmọkùnrin náà dín ẹsẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pé àwọn ará ilé òun ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Ọ̀rẹ́ mi kò sunkún. Ó jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì rí ibi tó ti wá: nítorí pé òun nìkan ni kì í bo imú ni. Bí wọ́n bá lè rí òun lẹ́ẹ̀kan nídìí ìkòkò, pẹ̀lú ìbomú bíi ti gbogbo wa, ọ̀rọ̀ á tán. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ìyá lọ sí Èkó lọ ra aró, bẹ́ẹ̀ ni àgbà obìnrin yẹn ní àwọn ń bọ̀ wá gba aṣọ tí àwọn ní ká pa láró fún ìkómọ kan. Ọyẹ́ sì mú gan-an lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ ṣá bá mi so ó," ni ọ̀rẹ́ mi wí, ó na ìbomú sí mi. "Tí wọ́n bá ti rí mi, màá tú u."

Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, mo gbà á. Ohun tí mo rò ni pé bí ètò rẹ̀ bá yọrí sí rere, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà á parẹ́ láìjẹ́ pé mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo so ó. Ọwọ́ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn láti so nǹkan ju bí a ṣe ń di àdìrẹ lọ: a ó yí okùn lẹ́ẹ̀mejì, a ó fà á le, a ó ta á ní kókó kí aró má baà ráyè wọlé. Irú kókó bẹ́ẹ̀, a kì í tú u, bíléèdì la fi ń gé e.

Àgbà obìnrin náà wọlé, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi wà nídìí ìkòkò, ó ń ro aró, èéfín ń rú sí i lójú. Ó kúnlẹ̀ láti dáhùn, ohùn kò jáde. Mo rí i tó ń fa ìbomú náà, tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wà lọ́wọ́ mi ń yọ̀, mo bọ́ ọ nù, okùn ti rin, kókó kò gbọ́. Mo fi eyín fà á. Ọ̀kan nínú wa ló sáré mú bíléèdì wá, mo sì gé e pẹ̀lú irun rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè láti ní kí wọ́n bá wa pe takisí, mo rí àgbà obìnrin náà tí wọ́n ti sún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fa ìborùn wọn bo imú tiwọn.

Ọlọ́run ṣe é, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un ní ọsibítù gbà á là. Ìyá ti Èkó dé, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n bi mí: "Ta ló so ó?" Mo ní èmi ni. Wọn kò bá mi wí, ìyẹn sì burú ju ìbáwí lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ògì lọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ báyìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Mo ní, "Àmín."

Ìyá rẹ̀ wá mú un padà sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ilé oníṣòwò yẹn kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, wọ́n gbé ìyàwó mìíràn fún ọmọ wọn. Lẹ́yìn tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, tí mo dá dúró, mo gbìyànjú láti lọ jẹ́wọ́. Mo kọ́kọ́ ní ó di ọdún Iléyá, mo tún ní ó di ìgbà tí òjò bá dá. Nígbà tí mo máa fi dé Òṣíẹ̀lẹ̀, àwọn mìíràn ló ń gbé ilé wọn, wọ́n ní ìyá ti kú, ọmọ sì ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí òkè ọya. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àlejò náà pẹ̀lú ọ̀pá kàm̀pálà mẹ́rin tí mo mú bọ̀, mi ò mọ ẹni tí mo máa fún.

Nǹkan bí ogójì ọdún ti kọjá báyìí. Èéfín tí mo fà símú ṣáájú òfin Ìyá, àti èyí tí mo fà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń fi dandan mú mi bo imú mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dé sí mi láyà. Dókítà ní ikọ́ fée ni. Nígbà tí àrùn kan dé tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú bo imú, dókítà náà kọ ìwé fún mi pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi. Mo ká a sínú pọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba owó ní báǹkì, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá mi dúró. Àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò mí, obìnrin kan sì sún sẹ́yìn, ó di ìbomú rẹ̀ mú ṣinṣin. Ọmọ náà kò pariwo, ó bi mí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mà, gbogbo èèyàn ló bo imú. Kí ló dé tí tiyín fi yàtọ̀?"

Ọwọ́ mi ti dé orí ìwé náà, ṣùgbọ́n n kò mú un jáde. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́: "Ikọ́ fée ni. Kì í ràn."

Ó ní kí n máa wọlé. Gbólóhùn méjì péré ni, kò sì gba ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Mo jókòó lórí àga báǹkì títí wọ́n fi pe nọ́ńbà mi, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́.