Akínwùmí Àkànní àti Báìtì Kan Tí Mo Fi Pamọ́

Yéè! Akin, ṣé bí o ṣe máa lọ nìyẹn? Ó dìgbóṣe o, Akínwùmí Àkànní, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, baba Tọ́pẹ́, ọkọ Fọlákẹ́, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Èmi Rótìmí ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń tún fóònù ṣe ní Hellersdorf ní Berlin, ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù wà nínú ọ̀fọ̀ tèmi, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Akin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó máa ń tètè dé wá to àga lẹ mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ẹrù ní Billbrook ní Hamburg mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í ṣi páálí gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ eré tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe láti ìgbà tó ti kó kúrò ní Märkisches Viertel ní Berlin lọ sí Hamburg. Eré náà ni pé kí á kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó kúrú débi pé ẹni tó bá rí i á rò pé ọmọ jòjòló ló jókòó lé kíbọ́ọ̀dù. Báìtì la fi ń wọ̀n ọ́n: àmì kọ̀ọ̀kan tí o bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù wa, báìtì kan nìyẹn. Àlàfo pàápàá, báìtì kan ni. A ó wá fi òfin tó le koko dè é. Ẹni tí tirẹ̀ bá kúrú jù ló borí.

Òfin tó gbẹ̀yìn, ìwọ lo gbé e kalẹ̀: kí ètò náà to àmì ìràwọ̀ kéékèèké jọ sójú kọ̀ǹpútà bí òrùlé ilé, láì lo lẹ́tà kankan, láì lo nọ́ńbà kankan. Mo ní, "Akin, ṣé orí ẹ pé ṣá?" O ní, "Rótìmí, gé e." Bí mo bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ, tí inú mi ń dùn ṣìnkìn, "gé e" náà ni èsì rẹ. Ẹ̀yìn Lieferschein, ìwé ẹrù tí wọ́n fẹ́ jù nù níbi iṣẹ́, lo ti máa ń kọ tìrẹ lásìkò ìsinmi. Wàá fi ìka kà á lórí tábìlì, wàá yọ àmì kan, wàá tún kà á. Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o ka ọ̀rọ̀ tí òun kọ sínú káàdì ọjọ́ ìbí rẹ, o ní ó ṣì lè fi àmì mẹ́ta kúrú sí i. Díẹ̀ ló kù kó fi káàdì náà gbá ọ létí.

Nígbà tí kíndìnrín dá ọ dùbúlẹ̀, o ti gé tìrẹ dé báìtì mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo wá ọ̀nà, wá ọ̀nà, n kò rí i gé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin wá wò ọ́ ní ilé ìwòsàn. A ò tí ì dé Hamburg tí mo fi rí i pé àmì kan tí o lò lẹ́ẹ̀mejì lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Ọgọ́ta! Mo fò dìde, obìnrin tó jókòó tì mí wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo tì í bọ àpò.

Mo wọlé, mo bá ọ, ọwọ́ rẹ ti wú, ojú rẹ ti rù. O ní, "Rótìmí, ọgọ́ta ó lé ọ̀kan. Ṣé o ti gé e?" Mo fi ọwọ́ tẹ bébà inú àpò mi. Mo ní, "Rárá o, Akin. Kò ṣeé gé mọ́. O ti borí." O rẹ́rìn-ín, o sọ fún nọ́ọ̀sì, o pe Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ lórí fóònù, o sọ fún òun náà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí pé o ti lọ.

Àánú ló mú mi purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Tọ́pẹ́ ní àwọn máa gbẹ́ ètò náà sára òkúta ibojì rẹ, pé kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kò sí èyí tó kúrú jù ú lọ." Ó ní kí Onkel Rótìmí yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i, torí èmi nìkan ló yé. Ọkùnrin tó ń gbẹ́ òkúta fi àwòrán bí yóò ṣe rí ránṣẹ́ kó tó gbẹ́ ẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti yí àmì àyọlò tìrẹ tó dúró ṣánṣán padà sí èyí tó tẹ̀ kọrọdọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó tẹ̀ yẹn ń jẹ báìtì mẹ́ta, ètò náà kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀meje, ó pé. Ó wá ku gbólóhùn ìsàlẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti fi irọ́ sórí ibojì rẹ. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, mo ti já ìdùnnú rẹ ìkẹyìn gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ. Bí wọ́n bá pè mí, màá ní mo ṣì ń kà á.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo pe Tọ́pẹ́, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí n fi ọgọ́ta náà ránṣẹ́. Ó dán an wò, òrùlé jáde. Ó wá fi èdè Jámánì bi mí bóyá inú bàbá òun dùn lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Inú wọn dùn gan-an, ọmọ mi." Ó ní kí wọ́n yọ gbólóhùn ìsàlẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ètò náà sílẹ̀ bí Papa ṣe kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ ó rò pé ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Kò balẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ní ilé ìwòsàn, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí o tó tún pè mí. O ní, "Rótìmí, o kì í tètè gbà báyìí tẹ́lẹ̀." Mo ní ọkọ̀ máa fi mí sílẹ̀, mo sáré jáde. Ṣé o mọ̀ pé mo ti gé e ni? Ṣé èmi ni mo ṣe ọ́ lóore, àbí ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ gbà fún mi? Kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, olóòótọ́ ènìyàn, Ọlọ́run yóò tu Fọlákẹ́ àti Tọ́pẹ́ nínú. Mo mú bébà ọjọ́ yẹn wá sídìí ibojì rẹ, ó wà lọ́wọ́ mi. Ọgọ́ta ni o, Akin. Máa sùn re lọ.