Páàkà Inú Eérú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí kí àdúgbò tó tẹ̀lé e. Nígbà tí iná jó ọgbà igbó tó wà lẹ́yìn ilé àwa méjèèjì ní Amúwo lásìkò ọyẹ́, ó dìde nínú ìpàdé àwọn onílé, ó ní èmi ni mo sun ewé gbígbẹ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí ènìyàn, wọn kì í dá mi lóhùn.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, mo ń fi fóònù ya igbó náà láràárọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa kọ́kọ́ hù. Ìtàkùn rúwé lẹ́yìn ògiri mi. Ọ̀pẹ tó dúdú bí èédú yọ màrìwò. Lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni nǹkan kan kò hù. Kí ló dé? Mo fi igi tú eérú ibẹ̀, mo sì rí páàkà onírin tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó ewé, tòun ti ọ̀dà pupa tó fi kùn ún.

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú lórí ògiri. "Ìyá oní-fótò, ṣé igbó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ ni?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n kí yín." Mo na fóònù tí mo fi ya páàkà náà sí i.

Ó wo páàkà náà títí, ó wá sọ pé: "Mo rò pé iná tí mo fi sun ewé ti kú kí n tó wọlé. Ẹ̀rù ló bà mí, ni mo fi dárúkọ rẹ."